Ọ̀kẹ́ Kan Nínú Agolo Bàbá Aláago

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kó tó sá mọ́ mi lórí. ₦20,000 ni gbogbo owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó lẹ́sìnnì tí àwọn òbí ọmọ mẹ́rin san fún mi lópin oṣù, ṣùgbọ́n odindi Sátidé kan ni mo fi ná an, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì, ohun tí mo sì gbé délé ò kún àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Tíṣà ni mí ní Àgbádárìgì níbí. Mo máa ń kó owó àtijọ́ àti mẹ́dàlì jọ, kì í ṣe bíi ti àwọn olówó o, àwọn yẹn á ní owó ọba báyìí ni àwọn ń kó tàbí ti ọdún báyìí, wọ́n á tò ó lẹ́sẹẹsẹ sínú gíláàsì. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti wù mí, tí mo lè sọ ìtàn ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí owó mi sì ká a, mo ti mú un: kọ́bọ̀ oníhò lónìí, séfà lọ́la, mẹ́dàlì ọmọ ilé-ìwé lọ́túnla. Ìyàwó mi ní àpò alágbe ni, pé kò sóhun tí kò sí níbẹ̀. Kò kúkú parọ́. Bó tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, ṣéńjì ni wọ́n fún mi ní Sèmè, séfà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan wà nínú ẹ̀, mo yí i padà, mo rí ẹja kan tí ẹnu ẹ̀ gùn bí ayùn, mo wá ń bi ara mi pé kí ni ẹja ń wá lára owó. Ìgbà tí mo wádìí ni mo mọ̀ pé ìwọ̀n tí àwọn Àṣáńtì fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́ ni wọ́n wo àwòṣe ẹ̀, báǹkì tó ń tẹ séfà sì sọ ọ́ di àmì ara wọn. Ó tán, mo ti kó sí i nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì mọ ìṣirò àwọn bàbá wa, ẹ mọ̀ pé ₦20,000 yẹn, ọ̀kẹ́ kan ni. Láyé owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn di egbàá, egbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ẹrù gidi sì ni, ẹni tó bá gbé e rù, ọrùn á mọ̀. Èmi ká tèmi sí méjì, mo tì í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìsọ̀ Bàbá Aláago ò jìnnà sí ọjà Àgbàlátà. Ìsọ̀ náà ò ju tábìlì kan, agboòrùn kan, àti gíláàsì dúdú tí wọ́n máa ń kì bọ ojú láti wo inú aago. Ègùn ni Bàbá, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, Yorùbá wọn já geere àfi tí inú bá ń bí wọn. Nígbà tí fóònù ti sọ gbogbo èèyàn di aláago, tí ẹni tó ń tún aago ṣe ò sí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá ń palẹ̀ ẹrù òkú mọ́, inú agolo mílíìkì ńlá kan ni wọ́n ń jù ú sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Tíṣà! O ti dé. Jókòó, jókòó. Lónìí wàá gbé agolo yìí lọ pátápátá. ₦60,000, mo ti parí ẹ̀."

"Háà, Bàbá, ọ̀kẹ́ kan péré ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n ń pè lówó báyìí? Ó dáa, ṣà á. Èyí tí ọ̀kẹ́ rẹ bá ká ni kó o mú."

Wọ́n da gbogbo ẹ̀ sórí tíréè, ó ń dún wàràwàrà, ọmọ aláta ẹ̀gbẹ́ wọn tiẹ̀ yọjú wò ó. Mo mọ ara mi, tí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í mú èyí tó ń dán, owó á tán kí n tó dé ìsàlẹ̀. Torí náà mágnẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ yọ, èyí tí mo tú lára spíkà rédíò tó bàjẹ́. Mo fà á kọjá lórí tíréè, gbogbo kọ́bọ̀ ọdún 1991 fò mọ́ ọn ṣìkẹ̀ ṣìkẹ̀, torí irin ni wọ́n, bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kàn fi bò wọ́n lójú, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi dípẹtà láti inú bí ẹní ní ẹ̀tẹ̀. Fàdákà, bàbà, idẹ, mágnẹ́ẹ̀tì kì í gbé wọn. Ìyẹn nìkan ti dín òkìtì yẹn kù sí bí ìdajì. Ó ku àwọn ṣílè idẹ tí wọ́n ti ná títí tí ojú ọba fi pa rẹ́, àwọn oníhò, àti nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn. Ẹ rí i, ẹni tó bá ra odindi agolo, ìdọ̀tí ló máa fi owó ńlá rà, á wá ku nǹkan mẹ́fà tó fẹ́ gan-an.

Bàbá ò jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n yọ nǹkan kan tí wọ́n fi tíṣù wé láti inú àpò agbádá. Ẹyọ owó kan ni, ṣílè méjì ti 1959, èyí tó ní orí Ọbabìnrin Elizabeth lójú kan àti ẹ̀pà lójú kejì, èyí tí wọ́n rọ fún Nàìjíríà nígbà tó kù díẹ̀ ká gba òmìnira.

"Èyí ni olórí wọn. ₦15,000, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀ dín. Ọmọ ọmọ mi fi hàn mí lórí Facebook pé wọ́n ń wá a ní mílíọ̀nù."

Ọkàn mi gbọgbẹ́ díẹ̀, torí Facebook mílíọ̀nù yẹn ti jẹ nínú ilé wa rí. Àbúrò mi kan ní Ìkòròdú, ó rí ẹni tó ní òun ń ra ṣílè àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní mílíọ̀nù méjì méjì, ẹni yẹn ní kó kọ́kọ́ san ₦15,000 fún fọ́ọ̀mù, lẹ́yìn ìyẹn ó tún ní owó ìfíránṣẹ́, àbúrò mi san méjèèjì, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́ títí di òní. Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ yín ní mílíọ̀nù, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sanwó? Mo tún ní orí Ọbabìnrin kì í sọ owó di ọ̀wọ́n, obìnrin yẹn lo àádọ́rin ọdún lórí oyè, ilẹ̀ tí orí ẹ̀ wà lára owó wọn láyé ìgbà náà pọ̀ gan-an. Bàbá kàn ń wò mí. Wọ́n tún tíṣù wọn wé, wọ́n ní "Facebook ò lè parọ́ fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà." Mo gbà fún wọn, mo fi í sílẹ̀.

Ó tiẹ̀ ní ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ ẹ. Bàbá ti fi polísì idẹ fọ̀ ọ́ tó fi ń kọ yẹ̀rì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ tí àkísà fà sí gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọbabìnrin. Mi ò bínú sí wọn o, torí èmi náà ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fi òrombó wẹ́wẹ́ àti eérú fọ odindi kọ́bọ̀ oníhò mẹ́sàn-án lẹ́yìnkùlé, wọ́n wá ń dán yanran bí ọmọ tuntun, inú mi ń dùn, mo gbé wọn lọ fún ẹ̀gbọ́n kan tó mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wò wọ́n, wọ́n ní "O ti bó wọn láwọ." Àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó bá ti jókòó sára owó láti ọgọ́rin ọdún, òun gan-an ni ẹ̀rí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ti bó, kò sí bó ṣe fẹ́ padà.

Nínú àwọn oníhò, owó tí òyìnbó rọ fún wa ní West Africa, ni mo ti rí èyí àkọ́kọ́ tó mú mi. Gbogbo wọn ló dà bí ara wọn, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó yí ihò ká, adé lójú kejì. Èèyàn á kàn kó wọn jọ bí gààrí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mò ń wá, ọdún ni mò ń kà: 1920, 1940, 1952, 1945, lẹ́yìn náà 1936. Mo yí i padà, mo gbé e sábẹ́ gíláàsì Bàbá, orúkọ ọba tó wà níbẹ̀ kì í ṣe George bíi ti àwọn tó kù. EDWARDVS VIII ni. Ara mi bù máṣọ.

Ìdí ẹ̀ rèé. Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì, gorí oyè ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní 1936 nígbà tí bàbá ẹ̀ kú, nígbà tó máa fi di ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún kan náà ó ti gbé adé sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ fẹ́ Wallis Simpson, obìnrin Amẹ́ríkà tó ti ní ọkọ méjì sẹ́yìn. Kò pé ọdún kan. Nílùú òyìnbó níbẹ̀, owó tí wọ́n fẹ́ ya orí ẹ̀ sí ò tíì jáde síta, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ tì, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ nísinsìnyí, ilé èèyàn ò tó o rà. Ṣùgbọ́n tiwa níbí, ihò ló wà láàrin, kò síbi tí wọ́n fẹ́ ya orí ọba sí, orúkọ nìkan ni wọ́n nílò, wọ́n sì ti rọ ọ́ kó tó sá lọ. Ọnínì, épìnnì, kọ́bọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jáde lórúkọ ẹ̀, àwọn obìnrin ọjà ìhín sì fi ra iyọ̀. Ihò yẹn gan-an ló gbà á là! Owó ọba tí àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù ò rí dìmú, ₦1,500 ni Bàbá gbà lọ́wọ́ mi, inú wọn tiẹ̀ dùn, wọ́n ní àwọn rò pé àwọn oníṣègùn nìkan ló ń ra oníhò. KN kékeré wà lára tèmi, ilé ìrọwó Kings Norton nìyẹn. Mo fi ₦1,000 mú ọnínì méjì kún un, torí mo fẹ́ káwọn ọmọ kíláàsì mi rí ohun tí wọ́n ń pè ní "mi ò ní ọnínì" lójúkojú, pé mẹ́wàá ẹ̀ ló wà nínú kọ́bọ̀ kan.

Bí mo ṣe ń dúpẹ́ ni mo rí mẹ́dàlì kan tó ha sábẹ́ àwọn ṣílè, ó ní òrùka kékeré lórí, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ ti ra dànù. Orí ọkùnrin àti orí obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i sì ni 12 May 1937.

"Ti ológun nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ẹni tó ni ín ja ogun Hítílà. ₦7,000."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọdún 1937 tí wọ́n kọ sí i yìí, Hítílà ò tíì bẹ̀rẹ̀ ogun."

Mẹ́dàlì àwọn tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, àwọn ọmọ wa tó wà nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni, wọ́n kọ THE BURMA STAR yí i ká. Àwọn gẹ̀ẹ́sì ò sì fín orúkọ ẹni tó gbà á sí i, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ayédèrú ẹ̀ ń rìn kiri, ẹni tó bá ń tà á fún yín tó ní ti bàbá bàbá òun ni, kò síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ já a nírọ́. Èmi kì í fọwọ́ kàn án àfi tó bá jẹ́ pé ẹbí ẹni náà gan-an ló wà níwájú mi pẹ̀lú ìwé ẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá yìí, mẹ́dàlì ìwúyè George Kẹfà, àbúrò Edward, ni, irú èyí tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri ibi tí òyìnbó ń ṣàkóso. Olówó ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó mú kí n fẹ́ ẹ: 12 May 1937 yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún ìwúyè Edward ni! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kọ̀ ọ́, wọn ò yí ọjọ́ padà, àbúrò ni wọ́n gbé adé lé lórí. Kọ́bọ̀ ẹ̀gbọ́n àti mẹ́dàlì àbúrò wà nínú agolo mílíìkì kan náà ní Àgbádárìgì, wọ́n ń fi ara nu ara. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀? A ná an, a ná an, Bàbá gbà ní ₦4,500. Ó wọ́n díẹ̀, mo mọ̀. Mi ò kábàámọ̀.

Àárín èyí ni ọmọkùnrin kan dé, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń mú àlejò lọ sí etíkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú kọjá. Ó gbọ́ pé ẹnì kan ń ra nǹkan àtijọ́. Ó yọ ẹ̀gbà idẹ méjì tó tẹ̀ bí ìwọ̀ láti inú náílọ́ọ̀nù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de ẹrú. Abẹ́ iyanrìn la ti hú u. ₦25,000 ọ̀kan."

Maníílà ni. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí mi ò fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ láàárín ọjà. Maníílà kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, owó ni, apá Bonny àti Calabar lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ná an jù, wọ́n ń fi ra epo, wọ́n ń fi ra ẹrú náà, títí ìjọba òyìnbó fi gbà á nílẹ̀ ní 1948 sí 1949, wọ́n fi ṣílè pààrọ̀ ẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Níhìn-ín, owó ẹyọ ni tiwa. Ìyẹn ò sọ pé ojúlówó maníílà ò lè dé Àgbádárìgì. Ohun tó fi àwọn méjèèjì yìí hàn ni pé mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ihò kékeré kan wà lẹ́bàá etí òsì ti àkọ́kọ́, ìrísí ẹ̀ bí ẹyin èèrà, mo wo èkejì, ihò yẹn náà wà níbẹ̀, etí òsì kan náà, ẹyin èèrà kan náà. Inú amọ̀ kan náà ni wọ́n ti dà wọ́n, àbùkù ọ̀kan ni wọ́n fi bí èkejì. Mo fi han ọmọkùnrin náà jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dákẹ́, ó ní ẹnì kan ló kó o fún òun láti tà, ó tì wọ́n padà sí náílọ́ọ̀nù. Ká sọ pé ojúlówó ni tẹ́lẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀, torí òfin àwọn nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1979 ò gbà kéèyàn kàn kó wọn jáde nílẹ̀ yìí láìgbàṣẹ, ẹni tó bá sì ń tà á fún àlejò ní etíkun mọ ibi tó ń lọ.

Ó wá ku ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wá jẹ́, èmi àti Bàbá.

Ṣílè kan wà nísàlẹ̀ tíréè, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá ní "Ìyẹn ti jóná, mú un ní ₦1,500 kó o máa lọ." Mo gbé e sábẹ́ gíláàsì: igi ọ̀pẹ láàárín, 1914, H kékeré nísàlẹ̀, ìyẹn Heaton ti Birmingham. Ibì kan létí ẹ̀ ti họ, ibẹ̀ sì funfun. Kò pọ́n. Ṣílè West Africa tí wọ́n rọ láti 1913 títí di 1919, fàdákà gidi ni, 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yìn ogun àgbáyé kìíní ni fàdákà gbówó lórí, láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Mo gbé e sórí sìkéèlì mi, 5.6 gíráàmù. Ìwọ̀n ò lè dá wọn mọ̀ o, ti idẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi sìkéèlì nìkan tan ara ẹ̀. Àwọ̀ ibi tó họ àti ọdún ara ẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Mo jókòó pẹ̀lú ẹ̀ lọ́wọ́. Kí n má parọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n kó ₦1,500 sílẹ̀ kí n dìde. Àwọn tó ń ṣe é lójú ọjà ní ìyẹn gan-an ni ayọ̀ ẹ̀, pé o mọ ohun tí ontà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá yìí ni mo máa ń kí ní gbogbo Ọlọ́run àárọ̀ tí mo bá ń lọ sí iléèwé, wọ́n sì tún aago ògiri kíláàsì mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní, "Bàbá, kò jóná. Fàdákà ni."

Ẹ ò rí bí ọwọ́ ṣe yá. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi. "Fàdákà? Ó ti di ₦50,000!" Ègùn ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le. Mo ní ká lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà lẹ́yìn ọjà kó dá wa lẹ́jọ́. Bàbá fi ọmọ aláta ṣọ́ ìsọ̀, a gbéra, wọ́n di ṣílè mọ́wọ́ bí ẹní di ọmọ ẹyẹ. Alágbẹ̀dẹ gbà á, ó gbé fáìlì, ó ní òun fẹ́ fá a díẹ̀ kí òun fi omi kíkan dán an wò, èmi àti Bàbá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, "Má fá a!" Ìgbà àkọ́kọ́ tá a máa fohùn ṣọ̀kan láàárọ̀ yẹn nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó jù ú sórí pẹpẹ òkúta rọra, ó dún jíììn, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ó ní fàdákà ni lóòótọ́, pé tí wọ́n bá fẹ́ kí òun yọ́ ọ, ₦4,500 lòun máa san.

Bàbá wo alágbẹ̀dẹ, wọ́n wò mí. Mo ní, "Èmi á san ₦6,000, mi ò sì ní yọ́ ọ." Wọ́n ronú títí a fi padà dé ìsọ̀, kí wọ́n tó nawọ́ sí owó náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè ohun tí mi ò retí: "Tíṣà, mélòó nínú ẹ̀ ni mo ti tà ní ₦1,500?" Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀. Mo kàn kọ ọdún 1913 sí 1919 sínú ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ orúkọ oníbàárà, mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n fún mi ní kọ́bọ̀ ọdún 1973 pé pérépéré ní ₦2,000, ààbọ̀ kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan, márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọn ò jẹ́ kí n tiẹ̀ ná an.

Mo yà lọ́dọ̀ ìyá eléwé ọmọ nínú ọjà, mo ní kí wọ́n fún mi ní owó ẹyọ ogójì.

"Ṣé o fẹ́ dáfá ni?"

"Rárá o, Màmá. Mo kàn fẹ́ máa kó o jọ ni."

"O ń fi owó ra owó? Kí lo fẹ́ fi ẹyọ rà?"

Mi ò rí ìdáhùn. Wọ́n gbà ₦2,000, wọ́n sì jẹ́ kí n ṣà á fúnra mi, mo mú àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti fọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gba okùn kọjá nígbà tó ṣì jẹ́ owó. Oríṣi méjì ló wà láàárín wọn: èyí kékeré tó rí gbágungbàgun, erékùṣù Maldives ló ti wá, àti èyí tó tóbi díẹ̀, ti apá Zanzibar, èyí tí àwọn oníṣòwò Jámánì fi ọkọ̀ kó wá lọ́pọ̀ yanturu láyé ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún títí owó ẹyọ fi di yẹpẹrẹ lójú gbogbo ayé.

₦17,000 ni gbogbo ẹ̀, mo fi ₦1,000 wọ kẹ̀kẹ́ lọ wọ̀ ọ́ bọ̀, ₦2,000 tó kù, mo fi ra búrẹ́dì lọ́nà kí n lè rójú wọlé.

Alẹ́ ni mo tò wọ́n sórí tábìlì ìjẹun. Mi ò fọ ìkankan. Ṣílè 1914 ṣì dúdú bẹ́ẹ̀. Mo ti gé àpòòwé páálí kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí àlíbọ́ọ̀mù náílọ́ọ̀nù rírọ̀ tí mo kọ́kọ́ lò rí, ó sọ bàbà mi di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ọ̀bọ̀rọ́ ilá. Mò ń fi pẹ́ńsù kọ iye tí mo rà á àti ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé ni ìyàwó mi dé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó tọ́ka sí ṣílè 1914, ó tọ́ka sí kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti 1973.

"Ṣé kì í ṣe igi kan náà nìyí?"

Mo wò ó. Ọ̀pẹ ni méjèèjì. Mo ti ní irú kọ́bọ̀ mẹ́wàá yẹn bí ọdún mẹ́ta, mi ò rí i rí. Ó tún ní, "Ìyá mi ò pè é ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá rí. Ṣílè ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi kú." Òótọ́ ni, nígbà tí wọ́n yí owó padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, náírà méjì ni wọ́n pààrọ̀ pọ́ùn kan, ṣílè kan sì bọ́ sí kọ́bọ̀ mẹ́wàá géérégé, orúkọ ò yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn, igi náà ò sì kúrò lára ẹ̀. A jókòó síbẹ̀. Mo rántí pé ọ̀kan ṣì ku láàárín méjèèjì, ṣílè ti 1959, orí Ọbabìnrin lójú kan, imọ̀ ọ̀pẹ lójú kejì. Lọ́wọ́ Bàbá, ṣílè méjì ẹlẹ́pà nìkan ni mo rí nínú ti ọdún yẹn.

Mo pe Bàbá lórí fóònù lálẹ́ yẹn, ó ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ní ṣílè kan, kì í ṣe ṣílè méjì o, èyí tó ní imọ̀ ọ̀pẹ, 1959?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú nǹkan. Agolo dún. Wọ́n pẹ́.

"Mo rí i. Orí Ọbabìnrin wà lára ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"₦20,000. Ọ̀kẹ́ rẹ ọ̀hún."

"Bàbá, ₦1,000 ni mo máa gbé wá lọ́jọ́ Sátidé."

"Gbé e wá," ni wọ́n wí. "Gbé gíláàsì rẹ wá náà, mo tún rí dúdú méjì tí mo fẹ́ kó o bá mi ka ọdún ẹ̀."